Kúlà àti Yìnyín: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tí Yóò Tọ́, àti Bí Yìnyín Ṣe Lè Pẹ́ Lójú Ọjà

    Ẹ fa àga súnmọ́ tòsí. Ẹni tí ó mọ̀wé kà, kí ó ka ẹ̀kọ́ yìí sókè fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìlera sì ni pẹ̀lú.

A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àpótí tí a ń kó yìnyín sí. Ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́, glacière ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Àwọn tí ń ná ọjà Nàìjíríà ń pè é ní kúlà. Orúkọ tí ó wù kí a pè é, ohun kan náà ni. Kúlà ni a ó máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ó kúrú lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, nítorí pé irú rẹ̀ wà ní gbogbo ọjà wa. Ẹja tútù ni ó ń tà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ra páálí kòtẹ́ méjì. Owó àjọ ni ó fi rà á. Ó kó ẹja náà sínú kúlà pupa kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó da yìnyín fífọ́ díẹ̀ lé e lórí, ó sì wọ ọkọ̀. Awakọ̀ gbé kúlà náà sí orí ọkọ̀, ó fi okùn dè é. Ọkọ̀ dúró gba èrò níhìn-ín, ó dúró gba èrò lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọn yóò fi dé ọjà, oòrùn ti dé àtàrí. Obìnrin náà ṣí kúlà. Kò sí yìnyín mọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ó bá, ẹja sì ń léfòó nínú rẹ̀. Ojú ẹja ti wọnú, ara rẹ̀ ti rọ̀, òórùn rẹ̀ ti yí padà. Àwọn oníbàárà wá, wọ́n fi imú gbọ́ ọ, wọ́n sì kọjá lọ. Ọ̀la ni ọjọ́ tí yóò dá owó àjọ.

Kí ni ó ṣe obìnrin yìí? Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe orí burúkú. Ohun mẹ́rin ni kò mọ̀: ohun tí ń yọ́ yìnyín, irú kúlà tí ó yẹ kí ó rà, bí a ṣe ń di ẹrù sínú rẹ̀, àti ibi tí a ń gbé e sí. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ni ń yọ́ yìnyín?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òtútù ni ó ń jáde kúrò nínú kúlà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ooru ni ó ń wọlé. Kúlà kì í ṣe ẹ̀rọ, kò lè dá òtútù kankan sílẹ̀. Ọlọ́dẹ ẹnu-ọ̀nà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó dá ooru dúró níta. Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́dẹ tí kì í tòògbé. Bó pẹ́ bó yá, ooru yóò wọlé. Nítorí náà, ohun tí a ń fi owó rà nígbà tí a bá ra kúlà rere ni àkókò.

Ẹ rántí ìgbà ọyẹ́. Bí a bá fi aṣọ òfì bora lóru, ara wa a móoru. Ṣé iná wà nínú aṣọ náà ni? Rárá. Ooru ara wa ni aṣọ ń dá dúró kí ó má baà jáde. Bí a bá mú aṣọ kan náà, tí a fi wé yìnyín, yóò dá ooru ìta dúró kí ó má baà wọlé. Ìdí nìyí tí yìnyín tí a fi aṣọ nípọn wé fi ń pẹ́ ju èyí tí a gbé kalẹ̀ lásán.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà wọlé. Èkíní ni ìfarakàn: bí a bá gbé kúlà lé irin tí oòrùn ti ta sí, ooru irin yóò gba ìdí rẹ̀ wọlé. Èkejì ni afẹ́fẹ́: bí ìdérí kò bá dé dáadáa, afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò máa wọlé, èyí tí ó tutù yóò sì máa jáde. Ẹ̀kẹta ni ìtànṣán oòrùn tí ń ta sí i lára. Ẹni tí ó bá di ọ̀nà mẹ́ta yìí ti ṣe iṣẹ́ tán.

Ẹ má ṣe fojú kéré yìnyín. Kílò yìnyín kan lágbára púpọ̀. Ooru tí ó ń gbà mọ́ra kí ó tó yọ́ tán fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó èyí tí yóò mú kílò omi kan, tí ó tutù bíi yìnyín, gbóná dé ìwọ̀n 80. Ẹ sì mọ̀ pé ní ìwọ̀n 100 ni omi ń hó. Ìdí nìyí tí òkìtì yìnyín kékeré fi lè mú omi púpọ̀ tutù.

Kí kúlà oníke tó dáyé ni àwọn ènìyàn ti mọ ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1833, oníṣòwò kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Frederic Tudor ni orúkọ rẹ̀, fi ọkọ̀ ojú omi kó yìnyín lọ sí Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà. Yìnyín tí ìgbà òtútù dì sórí adágún omi ni wọ́n gé. Ọkọ̀ náà lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin lórí òkun, ó sì la ilẹ̀ olóoru kọjá. Nǹkan bí 180 tọ́ọ̀nù ni wọ́n kó, nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù ni ó sì gúnlẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ọkọ̀ náà. Pákó àti ohun gbígbẹ ni wọ́n fi yí i ká. Yìnyín náà pọ̀, ó kún pa pọ̀, wọn kò sì máa ṣí i ní gbogbo ìgbà. Àṣírí náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a ṣe ń yan kúlà

Nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀ ẹni tí ń ta kúlà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ fà yín. Ẹ wo nǹkan wọ̀nyí.

Èkíní, ìnípọn ara rẹ̀. Láàárín ike ìta àti ike inú ni fóòmù wà, fóòmù yìí ni ó sì ń dá ooru dúró. Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ wo etí kúlà. Bí ó bá nípọn tó ìka méjì, ó dára. Bí kò bá tó ìka kan, ọjà òwúrọ̀ nìkan ni ó lè bá yín ná.

Èkejì, ìdérí. Ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Kúlà mìíràn ní fóòmù lára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lásán ni ó wà nínú ìdérí rẹ̀. Ẹ fi ìka kan ìdérí náà bí ẹni kan igbá. Bí ó bá dún gbọ̀ngbọ̀n bí igbá òfìfo, kò sí fóòmù níbẹ̀. Èyí tí ó kún máa ń dún wúwo, ohùn rẹ̀ kì í lọ jìnnà.

Ẹ̀kẹta, bí ìdérí ṣe ń dé sí. Ẹ mú bébà pélébé kan. Ẹ fi í há ẹnu kúlà, kí ẹ dé e, kí ẹ sì fa bébà náà. Bí ó bá le láti fà, ìdérí náà dé dáadáa. Bí ó bá yọ wẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ yóò gba ibẹ̀ wọlé bákan náà. Ẹ ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí ó ní rọ́bà yíká ẹnu rẹ̀ ni ó máa ń dé jù.

Ẹ̀kẹrin, ibi tí ìdérí ti so mọ́ àpótí, ìkọ́ tí ó ń tì í pa, àti ìmú tí a fi ń gbé e. Ibẹ̀ ni kúlà ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ ṣí i, ẹ tì í, bí ìgbà mẹ́wàá lójú ẹni tí ń tà á. Ẹ bi í bóyá a lè rí òmíràn fi rọ́pò bí èyí bá ṣẹ́. Ìmú tí ó gba inú ara àpótí kọjá sàn ju èyí tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ẹ̀karùn-ún, ihò omi nísàlẹ̀. Ẹni tí ń ta ẹja nílò rẹ̀ púpọ̀. Kí ìdí ihò náà ṣe ṣinṣin, kí ó má máa jò.

Ẹ̀kẹfà, àwọ̀. Oòrùn kì í gbóná lára ohun funfun bí ó ti ń gbóná lára ohun dúdú. Ẹ fọwọ́ kan aṣọ dúdú àti aṣọ funfun tí a sá sí oòrùn kan náà, ẹ ó rí i. Kúlà funfun tàbí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ẹ̀keje, bí ó ti tóbi tó. Níbí yìí ni ìwé kíkà yóò ti ràn yín lọ́wọ́. Ẹ wá nọ́ńbà kan tí lẹ́tà L tẹ̀ lé, lára kúlà tàbí lára ìwé tí ó bá a wá. Bí ẹ bá rí 30 L, ó túmọ̀ sí pé yóò gba 30 lítà. Ẹ má ṣe ra èyí tí ó tóbi ju ọjà yín lọ. Kúlà ńlá tí kò kún, afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn náà sì ń jẹ yìnyín yín. Ẹ tún rántí pé 50 lítà omi jẹ́ 50 kílò. Ta ni yóò gbé e rù yín?

Ẹ̀kẹjọ, bí ó bá jẹ́ àlòkù. Ẹ fi imú gbọ́ inú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀ rí. Kúlà tàbí ike tí a ti fi kó oògùn òwú tàbí oògùn kòkòrò, ẹ má ṣe fi kó oúnjẹ láéláé. Ọṣẹ kò lè fọ májèlé yẹn tán. Kí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún yín, ẹ kọ̀ ọ́.

Àpótí fóòmù funfun tí kò ní ike lára ńkọ́? Ó ń pa òtútù mọ́ dáadáa nígbà tí ó bá wà ní odindi, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, èérún rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ọwọ́ yín tó nìyẹn, ẹ wá páálí tàbí àpótí pákó tí ó bá a mu, kí ẹ kì í bọ inú rẹ̀. Yóò pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Èyí tí ẹ ń sọ yìí ti wọ́n jù.” Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ká ní ẹ ra kúlà kan ní 10 000 fáráǹkì, ó sì fọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Aládùúgbò yín ra tirẹ̀ ní 25 000 fáráǹkì, ó sì lò ó fún ọdún márùn-ún. Tiyín jẹ́ 10 000 fún ọdún kan. Tirẹ̀ jẹ́ 5 000 fún ọdún kan. A kò tíì ka ẹja tí ó bàjẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọjà tí ó rọjú ní òwúrọ̀ ni ó máa ń wọ́n ní alẹ́.

Ọ̀nà kan wà láti dán kúlà wò nílé. Ẹ kó kílò yìnyín méjì sínú rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ẹ dé e, kí ẹ gbé e sí ibòji. Ẹ kọ aago sínú ìwé. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, ẹ da omi tí ó yọ́ sínú ike lítà. Lítà omi kan jẹ́ kílò yìnyín kan tí ó ti lọ. Bí aládùúgbò yín bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, ẹ ó mọ èyí tí ó sàn jù. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ẹnu dídùn tàn yín jẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tí kò rí owó kúlà lè ṣe tirẹ̀. Ẹ wá àpótí pákó ńlá kan àti garawa tàbí àpótí kékeré kan. Ẹ gbé kékeré sínú ńlá, kí àlàfo tí ó tó ìka mẹ́rin wà yíká rẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òwú àràbà tàbí ìyẹ̀ pákó tí ayùn ń já sílẹ̀ kún àlàfo náà. Ẹ rán tìmùtìmù òwú àràbà láti fi dé e. Ṣùgbọ́n kí ohun tí ẹ fi kún un gbẹ o. Bí omi bá wọ̀ ọ́, kò níṣẹ́ mọ́. Ẹ fi rọ́bà ìdìkó bò ó kí ẹ tó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Bí a ṣe ń di ẹrù

Yìnyín ńlá ń pẹ́ ju wẹ́wẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní yìnyín kan ní igun mẹ́rin, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 20 sẹ̀ńtímítà. Ojú mẹ́fà ni ó ní, ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 lọ́nà 20, èyí tí í ṣe 400. Mẹ́fà lọ́nà 400 jẹ́ 2 400. Bí a bá gé e sí ọ̀nà mẹ́jọ, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò di 10 sẹ̀ńtímítà. Ojú tí ooru lè gbà mú gbogbo rẹ̀ yóò di 4 800. Yìnyín kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà ooru ti di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹ má ṣe fọ́ yìnyín nílé. Ẹ gbé e lọ ní odindi, kí ẹ sì máa fọ́ ìwọ̀nba tí ẹ nílò. Wẹ́wẹ́ dára fún ohun tí a fẹ́ kí ó tutù kíákíá, odindi dára fún ohun tí a fẹ́ kí ó pẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mú kúlà tutù. Kúlà tí ó ti sùn sínú yàrá gbígbóná ti kún fún ooru, yìnyín àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi sí i ni yóò san gbèsè yẹn. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjà, ẹ fi yìnyín díẹ̀ tàbí omi tútù sínú rẹ̀, kí ẹ dé e. Ní òwúrọ̀, ẹ dà á nù, kí ẹ tó di ẹrù.

Ẹ má ṣe kó ohun gbígbóná sínú rẹ̀. Kílò yìnyín kan lè mú nǹkan bí lítà omi mẹ́ta tutù láti ìwọ̀n 30 dé ìwọ̀n 5, lẹ́yìn náà yóò tán. Ẹni tí ó bá kó 30 ìgò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 sẹ̀ńtílítà ti kó 18 lítà. Yóò ná kílò yìnyín bíi mẹ́fà kí wọ́n tó tutù rárá, láìka ti ìgò fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìgò náà bá ti sùn sínú ìkòkò amọ̀ olómi mọ́jú, tàbí nínú fíríìjì níbi tí iná mànàmáná wà, yìnyín yín yóò wà fún iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ fi yìnyín sí ìsàlẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́, àti sí òkè. Ohun tútù máa ń sọ̀kalẹ̀, nítorí náà èyí tí ó wà lókè ṣe pàtàkì. Bí àyè bá ṣẹ́kù, ẹ fi aṣọ mímọ́ tàbí bébà dí i, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ibi jókòó sí.

Ẹni tí ó ní fíríìjì lè máa di omi sínú ike fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe kún ike náà dé ẹnu. Omi tí ó bá dì máa ń wú. Bí ike bá gba lítà kan ààbọ̀, ẹ fi àyè ìka mẹ́rin sílẹ̀ lókè. Ẹ má ṣe lo ìgò, nítorí pé yóò fọ́. Nígbà tí yìnyín inú ike bá yọ́, omi rẹ̀ kò ní dà sórí ẹrù.

Àwọn kan ń sọ pé iyọ̀ ń mú kí yìnyín pẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ máa ń mú kí yìnyín yọ́ kíákíá, omi tí ó yọ́ náà a sì tutù ju yìnyín lásán lọ. Ó dára bí ẹ bá fẹ́ mú ohun mímu tutù ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò dára fún ẹni tí ó fẹ́ kí yìnyín òun di alẹ́.

Nínú ọkọ̀ àti ní ìsọ̀

Ẹ bẹ awakọ̀ kí ó má gbé kúlà yín sí orí ọkọ̀. Kí ó gbé e sí inú, kí ó jìnnà sí ẹ̀rọ ọkọ̀. Bí kò bá sí àyè ju orí ọkọ̀ lọ, ẹ fi ẹní bò ó, kí ẹ sì fi àpò ìdọ̀họ tí a ti bọ omi lé e. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí àpò olómi náà, omi yóò máa gbẹ lára rẹ̀, yóò sì máa kó ooru lọ. Ọgbọ́n kan náà ni ìkòkò amọ̀ ń lò. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Létí ọ̀sà, ní àkókò òjò, agbára rẹ̀ kò pọ̀.

Ní ìsọ̀, ẹ má ṣe gbé kúlà sórí ilẹ̀ gbígbóná. Ẹ tẹ́ pákó méjì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ tún rántí pé ibòji máa ń rìn. Abẹ́ igi tí ó tutù ní òwúrọ̀ lè gbóná ní ọ̀sán. Ẹ wo ibi tí oòrùn yóò gbà, kí ẹ tó tẹ́ ìsọ̀ yín.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí kúlà, ẹ san owó orí fún oòrùn. Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ mú kí ẹ tó ṣí i. Bí ẹ bá lágbára kúlà méjì, ẹ fi kékeré tà, kí ńlá wà ní dídé, kí ẹ sì máa bù láti inú ńlá sí kékeré lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí mélòó kan.

Ẹja, omi mímu, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára

Omi tí ó yọ́, ṣé kí a dà á nù tàbí kí a fi í sílẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ohun mímu nínú ìgò ni, ẹ fi í sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí yìnyín bá ṣì wà nínú rẹ̀, omi náà ṣì tutù, ó sì ń yí ìgò ká ju bí afẹ́fẹ́ ti lè ṣe lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹja ni, ẹ máa tú u jáde láti ihò ìsàlẹ̀. Omi tí ó ti dàpọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹja ń ba ẹja jẹ́. Ẹ fi pákó tín-ín-rín tẹ́ ìsàlẹ̀, kí ẹja má baà sùn sínú omi, kí ẹ sì to ó ní ìpele: yìnyín, ẹja, yìnyín, ẹja, yìnyín.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí ẹja bíi títù àti kòtẹ́ bá pẹ́ nínú ooru, kòkòrò àìfojúrí a máa dá májèlé kan sílẹ̀ nínú ẹran rẹ̀. Sísè kò lè pa májèlé náà. Dídín kò lè pa á. Yíyan kò lè pa á. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ lè pọ́n, ara lè máa yún un, orí lè máa fọ́ ọ, ó sì lè máa bì. Nítorí náà, ẹja tí ó ti rà, kí a má ṣe sọ pé, “A ó dín in, kò ní ṣe nǹkan kan.” Ẹni tí ó tà á fún aládùúgbò rẹ̀ kò jèrè.

Bákan náà, dídì kì í pa gbogbo kòkòrò àrùn inú omi. Bí omi kànga ẹlẹ́gbin bá di yìnyín, yìnyín ẹlẹ́gbin ni, ó sì lè gbé àrùn onígbáméjì dé inú ife. Yìnyín tí ẹ kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é, ẹ lò ó láti fi yí ìgò ká. Ẹ má ṣe fọ́ ọ sínú ohun mímu. Yìnyín tí ó ti fara kan ẹja kò gbọdọ̀ dé inú ife ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí àwọn olùtọ́jú ìlera ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára wá sí abúlé yín, ẹ má ṣe bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín fi omi tàbí ohun mímu sínú rẹ̀. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ni ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà. Bí ó bá gbóná jù, agbára rẹ̀ lọ. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé bí ó bá dì, ó bàjẹ́, bí i ti ipá tí a ń fún àwọn aboyún. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí olùtọ́jú tí ó ń dúró kí yìnyín rẹ̀ kọ́kọ́ làágùn díẹ̀, kí ó tó kó abẹ́rẹ́ tì í. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọ yín ni ó ń dáàbò bò.

Ìtọ́jú

Bí ẹ bá ti ọjà dé, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ kúlà, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa inú rẹ̀ kí òórùn ẹja lọ, kí ẹ sì ṣí i sílẹ̀ kí ó gbẹ nínú ibòji. Oòrùn ojoojúmọ́ ń mú kí ike gbó, kí ó sì máa sán. Ẹ má ṣe fi ṣe àga. Bí ara rẹ̀ bá sán, ẹ tètè dí i, kí omi má baà wọ fóòmù. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé wọ inú kúlà ńlá ṣeré. Bí ìdérí bá dé mọ́ ọn lórí, kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, kò sì lè ṣí i láti inú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ obìnrin wa. Ó bẹ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú àjọ, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ ọjà méjì sí i. Kò tíì lówó kúlà mìíràn. Ó gba kúlà pupa náà, ó rán tìmùtìmù òwú àràbà lé ìdérí rẹ̀, ó sì fi aṣọ funfun bò ó. Ó mú un tutù mọ́jú. Ó ra yìnyín odindi. Ó fi ẹja sí ìpele. Ó san owó díẹ̀ lé owó ọkọ̀ kí kúlà rẹ̀ lè jókòó nínú ọkọ̀. Nígbà tí ó dé ọjà tí ó ṣí i, èéfín òtútù ni ó kọ́kọ́ jáde sí i lójú. Ẹja rẹ̀ le, ojú ẹja ń dán. Èrè tí ó rí lọ́jọ́ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dá owó àjọ. Ẹni tí ó dá owó àjọ pé lè sọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́

1. Ṣé òtútù ni ó ń jáde kúrò nínú kúlà, àbí ooru ni ó ń wọlé? Ẹ ṣàlàyé fún ara yín.
2. Ẹ dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí ooru ń gbà wọlé.
3. Ẹ mú kúlà kan wá sí ìpàdé. Ẹ kan ìdérí rẹ̀, ẹ fi bébà dán ẹnu rẹ̀ wò, ẹ sì ka nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀.
4. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mú 12 lítà ohun mímu tutù láti ìwọ̀n 30 dé 5, kílò yìnyín mélòó ni yóò ná, ó kéré tán?
5. Kí ni ó yẹ kí a ṣe sí ẹja tí ó ti rà? Kí ni ìdí rẹ̀?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé, kí ẹ sì kà á fún ara yín. Ẹ̀yin ará wa, ibi tí a ó dúró sí lónìí nìyí. Kí ọjà yín tà, kí owó yín má bọ́ sómi. Ó dàbọ̀.